Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Kúnlẹ̀ Lórí Pápá

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí Sódíìkì, ọmọ-ọmọ mi, gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní Kánádà. Mo ti Ẹdẹ lọ bá ìyá rẹ̀, Rìsì, tọ́jú ọmọ tuntun ni. Ní ìlú yẹn, àwọn òbí a máa gbé àga lọ sí etí pápá nínú òtútù, bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ kan kọ lu Sódíìkì. Ó ṣubú, kò dìde. Mo ká ìró mi sókè kí n sáré lọ gbé e. Rìsì dì mí mú.

"Màámi, ẹ jókòó. Òbí kì í wọ pápá níbí."

"Kí n máa wo ọmọ nílẹ̀?"

Àfi bí gbogbo àwọn ọmọ yòókù ṣe kúnlẹ̀, tí wọ́n dákẹ́. Nílé wa, ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ ni. Kíkúnlẹ̀ jẹ́ ti obìnrin. Ohun tó lè mú ọmọkùnrin kúnlẹ̀ báyìí, mo gbà pé ọmọ ti kú ni. Mo figbe ta.

"Kò kú, Màámi. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fara pa ni."

Wọ́n gbé e lọ, èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Orúnkún rẹ̀ ti fọ́.

Ní ọsibítù, Sódíìkì ní, "Màmá, mo ń wò yín. Mo rò pé ẹ máa wá gbé mi." Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú.

Mo ti padà sí Ẹdẹ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ká dáadáa mọ́. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ṣubú lójúde wa báyìí, n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kí n tó dìde.