Ohùn Màámi Nínú Mẹ́mórì Káàdì

Ọmọ Èkìtì ni màámi, kì í dákẹ́ wẹ ọmọ. Nígbà tí mo bímọ, ó wá bá mi wẹ̀ ẹ́ l'Ẹ́gbẹ́dá, bó sì ṣe ń fi kànrìnkàn gbo ó lara ló ń ki oríkì ìdílé wa fún un. Èmi ò mọ oríkì náà. Wọ́n ti ń fi kì mí láti kékeré, etí lásán ni mo ń fi gbọ́ ọ. Òun nìkan ló sì kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ni mo bá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ọmọ mi lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Kí ọmọ náà tó rìn, màámi ti dágbére fáyé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù ọ̀hún já bọ́ sómi ìwẹ̀. Ìyá onílé ní kí n rì í mọ́ inú gàrí, pé gàrí á fa omi rẹ̀. Gàrí ò fa nǹkan kan jàre, ó kàn wọ gbogbo ihò ara rẹ̀ ni.

Mo ra òmíràn, mo fi ímeèlì mi wọlé, mo ní kó kó gbogbo ohun tí mo ti fi pamọ́ padà wá. Ó kó wọn wá lóòótọ́: àwòrán ìsọmọlórúkọ, nọ́ńbà ẹni tó ń ta gáàsì, ti màámi náà. Ohùn rẹ̀ ni ò sí. Fóònù àtijọ́ ti kún nígbà yẹn, inú mẹ́mórì káàdì ni ohùn náà lọ.

Mo ki káàdì bọ fóònù tuntun. Ó ní káàdì ti bàjẹ́, ṣé kí òun pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó lè ṣiṣẹ́? Mo pariwo mọ́ ọn, "Orí ẹ ò pé ni?"

Mo gbé káàdì náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Gowon Estate. Ó fi sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ títí.

"Àǹtí, díẹ̀ ló yọ o. Ìparí rẹ̀ nìkan ni."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbọ́ omi tó ń dà. Lẹ́yìn náà ni ohùn jáde, ohùn tèmi:

"Màámi, ó ti tó. Mo ti gbà á sílẹ̀, kò lè sọnù mọ́. Ẹ sinmi."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ màámi fún.