Kabúrétọ̀ Méjì Bàbá Mi

Kabúrétọ̀ méjì ló wà lára alùpùpù tí bàbá mi gbé bọ̀ láti Abidjan, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló wà lára èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn kiri Ẹ̀jìgbò. Òun ló ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn kí ẹ́ńjìnnì tó lò ó. Tó bá ti wá di méjì, àfi kí àwọn méjèèjì máa fa atẹ́gùn ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá fà ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa tú èéfín dúdú, á sì kú sójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn níbi tí oko iṣu bàbá mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pa ìránṣọ tì, tí mo fi àwọn oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo lọ wá wọn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní tí kò bá tíì dáa títí ọjọ́ Jímọ̀, ká ta á, kí Bàbá jókòó sílé. Èmi nìkan ni mo kọ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá mi ò bá lè dá lọ sóko mọ́, wọn ò ní pẹ́ dàgbàlagbà tó ń jókòó wo ògiri. Ìyẹn ni mo fi ń fara dà á.

Kì í kúkú ṣe pé a ò rí mẹkáníìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí bá wa tò ó, tó sì ń dún dáadáa. Tí a bá ti délé báyìí, bàbá mi á ní ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan, wọ́n á sì tú u. Wọ́n ní rọ́bà gígùn méjì. Wọ́n á fi ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan sídìí kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ki ìdí ti òsì bọ etí òsì, ti ọ̀tún bọ etí ọ̀tún, bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, wọ́n á wá máa fi sukudiráfà yí ìdè kékeré ibẹ̀ títí etí méjèèjì á fi gbọ́ ohun kan náà. Wọ́n á wá ní, "Sàfà," Faransé tí wọ́n bá bọ̀ láti ọ̀hún, pé ó ti dáa. Kì í dáa.

Ní Alámísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ pé sàfà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gùn ún dé oríta, tó ń gbọ̀n mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó sú mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n ju sukudiráfà sínú kànga. Mo gba rọ́bà, mo fi sétí ara mi. Ti òsì ń pariwo fòò, ti ọ̀tún ò ju kó máa mí lọ. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ aṣọ ni mo kọ́.

Inú bí mi. Mo fa rọ́bà méjèèjì yọ létí wọn, mo pààrọ̀ wọn, mo fi ti òsì sí etí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí etí òsì. Mo ní kí wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n gbọ́ ọ pẹ́.

"Ọ̀tún ò mí mọ́ rárá," ni wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdè ọ̀tún. Mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n nawọ́ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ó ti lé lọ́dún méjì," ni wọ́n wí. "Etí òsì ni. Má wí fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ìbínú mi tún le sí i. Apá òsì yẹn náà ni ọkọ̀ ń gbà kọjá lára ọlọ́kadà! Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rò ó rí. Wọ́n ní ojú àwọn ò fọ́. Mo tún tan ẹ́ńjìnnì. Mo ki rọ́bà bọ etí ara mi, mo yí ìdè òsì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń dún geere, bó ṣe ń dún nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó yẹ kínú mi dùn.

Wọ́n nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní rárá, èmi ni n ó gbé wọn lọ sóko. Àwọn gan-an ló kọ́ mi ní gígùn ún, wọn ò sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí. Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n gùn ún sẹ́yìn mi.

A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ya wá sílẹ̀. Bàbá mi ta gìrì, wọ́n di èjìká mi mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bá mi wí pé kí ló dé tí n ò sọ fáwọn pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ náà ti tẹ họ́ọ̀nù kó tó kọjá.