Páìpù Tóóró ti Harlan Suttles

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, orí tábìlì ìjẹun ni páìpù èéfín ọkọ̀ ìsáré náà wà. Mẹ́jọ ni wọ́n, mẹ́rin fún apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, mẹ́rin fún apá òsì, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ejò tó ń sùn. Wọ́n ń dán. Wọ́n fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ inú wọn. Harlan Suttles ló tẹ̀ wọ́n, òun ló jó wọn pọ̀, òun náà ló ń fi àkísà nù wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Velda ìyàwó rẹ̀ ń gbé àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lé itan jẹun.

"Harlan, ṣé a ò ní fún páìpù yìí ní ṣíbí báyìí?"

"Jẹ́ kó sinmi jàre. Òun ló máa mú wa wọlé lọ́dún yìí."

Wọlé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni nílé Suttles.

Ní pápá ìsáré tó wà ní àfonífojì nísàlẹ̀ ìlú wọn, lápá òkè Tennessee, ọkọ̀ bí ọgbọ̀n ló ń wá díje nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Sátidé ni wọ́n fi ń yọ ọkà kúrò lára èèpo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sáré. Mẹ́rìndínlógún tó bá yá jù á wọlé sí ìdíje ọjọ́ Sọ́ńdè. Àwọn yòókù á di ẹrù wọn, wọn á máa lọ sílé. Ọdọọdún ni Harlan ń di ẹrù, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ bọ̀ wá sílé, òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu.

"Bí mi ò bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, màá ta ọkọ̀ yìí."

Velda kò bi í. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ó mọ̀ pé ọkùnrin Suttles kì í kó ọ̀rọ̀ jẹ.

Ọmọ awakùsà ni Harlan. Bàbá rẹ̀ wa èédú, ó húkọ́, ó húkọ́, títí ikọ́ fi gbé e lọ. Kó tó lọ, ó mú kí ọmọ rẹ̀ ṣèlérí pé kò ní wọ inú ihò. Ni Harlan bá lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àgbá omi gbígbóná fún àwọn ilé iṣẹ́. Páìpù ló ń jó pọ̀ níbẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Ọkọ̀ náà, Nova kan báyìí, ọdún tó gbé Velda níyàwó ló rà á. Kò ní ẹ́ńjìnnì nínú nígbà náà. Adìyẹ ló ń sùn sí i.

Ẹni tó yá jù ní pápá yẹn ni Dewey Barger, tí òun àti Harlan jọ lọ sílé ìwé. Páìpù èéfín Dewey fẹ̀ bí ọ̀nà ọ̀fun màlúù. Harlan fi ìka wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wo ibẹ̀. Ohun tí Dewey ń lò, òun náà á lò ó. Ó parí.

Sátidé dé. Oòrùn jáde. Òórùn epo àti táyà jíjó gba afẹ́fẹ́ kan. Harlan dé akoto rẹ̀, ó wa Nova dé ìlà, ó ń retí iná aláwọ̀ ewé tó máa ní kí wọ́n lọ. Iná ewé tàn. Ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fò. Ti Harlan náà lọ, àmọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà kó tó la ojú. Nígbà náà ló wá ké, ó ké bí idì, ó dùn ún gbọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Ipò kẹrìnlélógún.

"Harlan!" Dewey ń pariwo láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀. "Mo rò pé o dúró gbé èrò ni!"

"Ìwọ ni mo dúró dè kó o wá tì mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Harlan kò dé ojú. Ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ó tún iná ẹ́ńjìnnì ṣe, ó sáré lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Velda wà lórí àga rẹ̀ tó ṣeé ká lẹ́bàá ọgbà, ó ń jẹ bísíkíìtì rírọ̀ tí wọ́n fi sọ́séèjì há láàárín.

"Ó ń yán," ló wí.

"Kí ló ń yán?"

"Ọkọ̀ rẹ. Ó ń yán kó tó dìde. Tẹ́lẹ̀ kì í yán."

"Velda, kí lo mọ̀ nípa páìpù?"

"Mi ò mọ páìpù. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣé o mọ iye ọdún tí mo ti ń jókòó síbí? Aago aláago lo fi ń ṣiṣẹ́, Harlan. Aago Dewey."

Inú bí i. Ó lọ jókòó sórí táyà kan, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ìbínú náà kò pẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìtìjú. Nítorí ó mọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti ń jó páìpù àgbá. Bó o bá da omi díẹ̀ sínú odò fífẹ̀, á máa rìn gbẹ̀rẹ̀. Da á sínú ọ̀gbàrá tóóró, á sáré. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín. Nínú páìpù tó bá a mu, á fi eré jáde, bó sì ṣe ń jáde ni yóò máa fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á fi rí àyè mí afẹ́fẹ́ tuntun sínú. Ẹ́ńjìnnì Dewey tóbi gan-an, ó sì ń yí kíkankíkan láti ìlà dé òpin. Èéfín rẹ̀ pọ̀, ó ń kún páìpù fífẹ̀ yẹn dẹ́múdẹ́mú. Ti Harlan kéré. Ọmọ kékeré nínú ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ojú rẹ̀ rí ti Dewey, ojú bo ọpọlọ mọ́lẹ̀.

Páìpù àtijọ́ tóóró tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti dógùn-ún, ilé ló fi í sílẹ̀ sí. Àbí?

Ó ṣí tapólì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn pé kóun mú omi mu. Páìpù náà nìyẹn.

"Velda! Ta ló gbé eléyìí síbí?"

"Èmi ni. O fẹ́ kó tún bọ́ sórí tábìlì mi ni?"

Harlan wò ó. Velda ń gbọn èérún bísíkíìtì kúrò lórí aṣọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páìpù tuntun kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bóòtù tí wọ́n fi dè é gbóná, ó ń jó o lọ́wọ́, ó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Ó gbé páìpù dídán sórí koríko. Ìgbà tó fẹ́ de ti àtijọ́ ló rí i pé kò sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Láìsí ìyẹn, èéfín á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀. Kò sí.

"Kí lò ń wá?" Dewey ló dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Harlan sọ fún un. Dewey wo páìpù tó dógùn-ún, ó wo èyí tó ń dán lórí koríko. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń yọ mí lẹ́nu látàárọ̀," ló wí.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"O ti nù ún dán jù. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó gbé ọmọ tuntun jáde pé imú ọmọ náà wọ́?"

Ó yíra padà, ó ń lọ láàárín àwọn ọkọ̀, ó ń kígbe ohun tó ń wá bí ẹni ń kiri ọjà. Ní pápá yẹn, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíì pàdánù eré nítorí ohun tóun ní nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri. Àṣà tí àwọn bàbá wọn ti bá níbẹ̀ ni. Dewey padà dé pẹ̀lú gáàsíkẹ́ẹ̀tì méjì.

"Ta ló fún ọ?"

"Wendell Crisp."

Wendell ló wà ní ipò kẹrìndínlógún. Bí Harlan bá wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa jáde.

"Ṣó mọ̀ pé èmi ni?"

"Ó mọ̀. Ó ní kó o yáa tètè dè é, ọwọ́ rẹ ń falẹ̀ bí ọkọ̀ rẹ."

Wọ́n dè é. Lẹ́yìn náà ni Harlan mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fa ìlà ọ̀dà funfun gbọọrọ sára ẹnu páìpù ńlá tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, láti ìdí rẹ̀ dé etí. Iná á jó ọ̀dà náà. Ibi tó bá jó dé, ibẹ̀ ni ẹnu páìpù yẹ kó parí sí. Ohun tó bá lé ni, kí ayùn mú un kúrò.

"Kí ni ọ̀dà wà fún?" Velda bi í.

"Fún ọ̀la. Kí n lè mọ ibi tí màá gé."

"Ọ̀la wo, Harlan?"

Ó dé akoto rẹ̀. "Èyí tó ń bọ̀ yẹn náà."

Iná ewé tàn. Imú Nova gbé sókè. Ó bọ́ lójú ìlà bí òkò tó jáde lọ́wọ́, kò yán, kò nara. Velda dìde láìmọ̀ pé òun dìde. Ní ìparí ọ̀nà, ohùn náà rẹlẹ̀ díẹ̀, kò ké bí idì mọ́. Ó ti lọ, kó tó rẹlẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tó kù sáré. Harlan kò wo pátákó tí wọ́n ń kọ ipò sí. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Velda ló ń wò ó fún un.

"Kẹrìndínlógún," ló wí. "Harlan, a ti wọlé."

Wendell Crisp ti ń di ẹrù. Harlan lọ bá a, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Màá gba gáàsíkẹ́ẹ̀tì mi lọ́dún tó ń bọ̀ o," Wendell wí. "Pẹ̀lú ipò mi."

Nígbà tí páìpù tutù, Harlan kúnlẹ̀ ti ẹnu rẹ̀. Ọ̀dà ti jó dúdú láti ìdí lọ, ó jó dé ibì kan, ó dúró. Lẹ́yìn ibẹ̀ ó ṣì funfun. Ó fi ẹfun sàmì sí i. Òjìji ẹnì kan bọ́ sórí páìpù náà. Dewey ni, ayùn irin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dewey ló ṣe ipò kìíní, ẹni tó bá sì ṣe ipò kìíní ló ń kọ́kọ́ bá ẹni tó ṣe kẹrìndínlógún sáré lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn méjèèjì mọ̀.

"Gé e kó gún o," Dewey wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé ọkọ̀ tó ń yán ni mo nà."

"Di ìdí rẹ̀ mú, kó má mì," Harlan dá a lóhùn.

Dewey dì í mú. Velda mú páìpù dídán náà nílẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fa tapólì bò ó mọ́lẹ̀.