Sányán Àǹtí Ṣadé àti Ìṣẹ́po Tó Wọ́

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá mi bá fẹ́ sá aṣọ. Ọyẹ́ á ti mú, ètè gbogbo wa á ti bẹ́, bàbá mi á ti fi òrí pa ẹsẹ̀ tán. Kí n tó lajú, òórùn náà á ti gba ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn wá bá mi lórí ẹní, n ó sì ti mọ̀ pé kò séré fún mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní káńfọ̀ ń rùn bí arúgbó. Arúgbó wo? Òórùn ọrọ̀ ni!

Ilé wa wà ní Japara. Yàrá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, aṣọ ló sì ni ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe pé a lówó o. Òwú àti bọ́tìnnì ni Màmá ń tà lọ́jà, bàbá mi sì ń la gẹdú níbi ìlagi. Ṣùgbọ́n Màmá ni àkọ́bí obìnrin nínú ìdílé wọn. Aṣọ ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ti àbúrò ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn ẹbí tí eku ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn nílé wọn sì ń gbé tiwọn wá pamọ́ síbẹ̀. Èmi tí mo ní aṣọ ilé ìwé kan àti aṣọ Kérésì kan, bí mo bá ní kó fún mi lára ẹrù yẹn, ẹ̀rín ló máa fi mí rín. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," á wí. N kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi àkísà ṣe.

Bàbá mi ló kan pẹpẹ tí àwọn àpótí náà wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan dúró sínú agolo mílíìkì tí wọ́n bu kẹrosíìnì sí, kí ikán má baà gùn ún. Ẹtù kì í bá aṣọ funfun gbé inú àpótí kan, nítorí aró. A kì í gbé nǹkan lé àrán lórí, kí irun ara rẹ̀ má baà sùn. Léèsì ní tirẹ̀, ara ọ̀pá la ń ká a mọ́ bí ẹní. Màmá á gé díẹ̀ lára etí aṣọ tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, á so ó mọ́ ọwọ́ àpótí náà, o ò sì ní láti ṣí i kí o tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun là ń lọ, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ bàtà ní yàrá aṣọ o, èmi fúnra mi ni mo ń bọ́ ọ.

Ẹ wá wo èmi náà lónìí, olùkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́dúróòbù mi kún títí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò fi ṣeé tì mọ́. Aṣọ wà lórí àga, aṣọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò kan tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí n kò fẹ́ fojú rí. N ó débẹ̀.

Nínú gbogbo òfin Màmá, ti ìṣẹ́po ló le jù. Aṣọ òkè tí a bá ń ká sójú kan náà lọ́dọọdún, ojú ibẹ̀ ni yóò ti gé. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti gbé ọ̀rinrin kúrò lára aṣọ tán, Màmá á wá ojú tuntun tí yóò ti ṣẹ́ ẹ po. Ojú ti àtijọ́ kì í parẹ́ pátápátá. Bí o bá gbé sányán sí ìmọ́lẹ̀, wàá rí àwọn ìlà náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ọdún kan, ìlà kan. Mo bi Màmá léèrè ìdí tó fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. "Ìwọ náà fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn láti alẹ́ dòwúrọ̀," ó ní, "ká wò bóyá ara ò ní í ro ẹ́."

Òun á mú etí aṣọ kan, èmi á mú èkejì, a ó fà á kí ó gún, a ó sì rìn pàdé ara wa. Tirẹ̀ á gún gbọọrọ. Tèmi á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó tún un ṣe, á tún wọ́. "Ọwọ́ bàbá rẹ lo gbé wá sáyé," á wí, á wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pinnu nínú ọkàn mi nígbà náà pé bí mo bá dàgbà, ọwọ́ Màmá ni n ó ní.

Àpótí páànù aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ pẹpẹ. Ti Àǹtí Ṣadé ẹ̀gbọ́n mi ni, àkọ́bí bàbá mi àti Màmá. Díẹ̀díẹ̀ ni Màmá ń ra nǹkan sínú rẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àrán kan, léèsì kan, àti sányán tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dá gbé e. Àǹtí Ṣadé máa ń ta búrẹ́dì fún àwọn tí ogun lé wá sí àgọ́ Òrù, ibẹ̀ ni òun àti ọkùnrin ará Lìbéríà kan ti pàdé. Ọkùnrin náà wá kí bàbá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó hàn pé ẹnìkan ló kọ́ ọ lánàá. Bàbá mi wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. "Ta ni n ó béèrè ilé bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀?" ó ní. "Ṣé ogun ni?" Ìyẹn náà ló parí ọ̀rọ̀.

Àǹtí Ṣadé tẹ̀lé ọkùnrin náà lọ. Báàgì kékeré kan ló gbé, kò gbé àpótí. Bàbá mi dúró sáàárín ilé, ó ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ lábẹ́ òrùlé òun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Àǹtí Ṣadé ló ń bá mi dirun, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Màmá ò dárúkọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, tí a bá ti sá aṣọ gbogbo ènìyàn tán, á ní, "Ẹ gbé àpótí ẹni yẹn wá." Á sá a, á gbọ̀n ọ́n, á ká a sójú tuntun. Bàbá mi á ti bá ti iṣẹ́ lọ láti ìdájí, kí ojú rẹ̀ má baà rí i. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi ní kí Màmá kúkú pín àwọn aṣọ yẹn fún àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n yín ti lo ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí èmi lo òsì tèmi."

Ọyẹ́ ọdún kan dé, ó bá Màmá lórí àìsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó pẹ́ ní ọsibítù, nígbà tó sì padà dé, kò lè dìde. Kò sẹ́ni tó rántí aṣọ. Yàrá ẹ̀yìn wà ní títì, àgbàrá òjò tó kọjá ti wọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ń gbóòórùn ọ̀rinrin bí mo bá ń kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo rẹ̀ á bu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ nílé ìwé. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo rí aṣọ lórí okùn, mo sì fẹ́ pariwo ayọ̀ pé ara Màmá ti yá. Háà! Bàbá mi ni. Bàbá mi, tí ìyẹ̀fun pákó kì í kúrò nírun rẹ̀, ló dúró sínú oòrùn pẹ̀lú sányán Àǹtí Ṣadé lọ́wọ́. Abọ́ omi àti ọṣẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Àpótí aláwọ̀ ewé nìkan ló wà níta. Ti ìyá Màmá, ti àwọn ẹbí, ti Màmá fúnra rẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi gúáfà. Ó tẹ́ sányán náà sórí ẹní, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ṣẹ́ ẹ po. Ó wọ́. Ó tú u, ó tún un ṣẹ́. Èékánná rẹ̀ ń fa òwú, ó ń fi itọ́ pa òwú náà padà sílẹ̀. Ó wá ojú tuntun tí yóò ti ká a, bí Màmá ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó mọ òfin náà! Gbogbo ọdún tí mo rò pé kò fẹ́ fojú rí i, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Mo ti rí wòlíì tó bọ́ sínú ẹ̀mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé àpótí náà wọlé. Nígbà tó jáde, ó rí mi. A wo ara wa. "Ojú rẹ ò rí nǹkan kan," ó ní, ó sì da omi inú abọ́ náà nù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà Màmá. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé tí Màmá rí ìlà tó wọ́ náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "O gbìyànjú," ó ní. Mo gba oríyìn tí kì í ṣe tèmi, mo dákẹ́.

Mo ti fẹ́ẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà tí Àǹtí Ṣadé bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa. Ó ti sanra díẹ̀. Báàgì Gáná-mọ́-gò ńlá kan, òfìfo, ló ká mọ́ abẹ́ apá. Bàbá mi wà lójúde, ó rí i, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Àǹtí Ṣadé gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì yára dìde.

"Mo wá kó ẹrù mi ni, Màmá," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan mi kankan ṣẹ́kù nílé yìí mọ́. Mi ò sì ní í padà wá yọ yín lẹ́nu."

Mo rò pé Màmá á bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹrù rẹ ni," ó ní. "Bùkọ́lá, gbé àpótí rẹ̀ wá."

Mo wọ́ ọ jáde. Àǹtí Ṣadé ṣí i pẹ̀lú ìbínú. "Wọn á ti gé, àbí? Wọn á ti bu." Ó fa sányán yọ, ó gbọ̀n ọ́n jálẹ̀ kí gbogbo wa rí i. Kò gé. Kò bu. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wá ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ó sì rí àwọn ìlà náà. Inú ilé yẹn ló dàgbà sí, òun náà mọ òfin. Ó fi ìka tọ ọ̀kan, ó tọ èkejì, ó ń bá a lọ. Ó dé orí èyí tó wọ́, ó dúró.

"Bùkì," ó ní, ó ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ́ sunkún. "Ìwọ lo ká èyí?"

"Òun ni," Màmá dáhùn fún mi. "Ọdún tí mo ṣàìsàn."

Mo wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì. "Èmi kọ́," mo ní. "Bàbá ni."

"Bàbá ta ni?" ni Màmá wí.

"Bàbá wa. Ẹrù Àǹtí Ṣadé nìkan ni wọ́n sá lọ́dún yẹn."

Àǹtí Ṣadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sányán wà lórí itan rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ẹnu ilẹ̀kùn bàbá mi ló lọ, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi orí kan pákó. "Ẹ kúulé, Bàbá," ó ní.

A dúró. Mo gbọ́ tí ibùsùn ké, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ohùn bàbá mi ló kọ́kọ́ jáde, ní èdè ilé wa, bí ó ti máa ń pè wá nígbà tí a wà ní kékeré. "Ọma mi," ó ní, "ṣé o ti jẹun?"

Báàgì náà padà lófìfo.

Bàbá mi ti lọ, Màmá náà ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn àpótí wà báyìí ní Àgọ́-Ìwòyè, n kò sì ṣe wọ́n bí Màmá ti ṣe wọ́n. Ọmọ tí ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá aṣọ, bó bá rí yàrá mi, á sá jáde. Ti àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ní n ó sọ. Aṣọ Tọ́pẹ́ ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ọdún kẹta ló dé ní yunifásítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí kó tó ní òun ò ṣe mọ́, ó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń kun ìyàwó lójú ní Ìbàdàn. Mo sọ ohun tí ìyá tó gbọ́n kì í sọ, mo ní kó má padà wá. Àjínde ti kọjá, ìkórè ti kọjá, a ò gbọ́ ohùn ara wa.

Láàárọ̀ àná ni ọyẹ́ dé. Mo ṣí àpótí kan, káńfọ̀ sọ sí mi nímú, mo sì rí i tí ọwọ́ mi ń lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jíìnsì tó ya lórúnkún, ẹ̀wù péńpé tí mo máa ń bá a jà sí, mo sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ́ ẹní, mo kúnlẹ̀, mo ń ká wọn. Wọ́n wọ́. Mo tú wọn, mo tún wọn ká, wọ́n tún wọ́. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ bàbá mi pátápátá ni, Màmá ò parọ́.

Mo mú fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti oṣù wọ̀nyí pọ̀, bí ó ṣe yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, bí ó ṣe yẹ kó parí ìwé rẹ̀. Ó gbé e. Ó ní, "Mọ́mì?" Gbogbo ọ̀rọ̀ náà fò lọ lórí mi.

"Tọ́pẹ́," mo ní, "ṣé o ti jẹun?"

Mo gbọ́ tó fa ikun.

"Rárá, mà," ó ní. "Kí lẹ sè?"