Àárọ̀ Ni Ti Ardis

Nígbà tí Ardis, ìyá ìyàwó mi, ta oko rẹ̀ tó sì kó wá bá wa nígboro níbí ní ìpínlẹ̀ Montana, l'Amẹ́ríkà, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí yóò ti máa di ọta ìbọn rẹ̀. Kò fi ọta ilé ìtajà pa àgbọ̀nrín rí. Ìkarahun idẹ tó bá ti yìn ló máa ń ṣà, tí yóò rọ ẹ̀tù tuntun sí.

Ìyàwó mi ní, "Màmá, kò sáàyè. Ẹ sinmi."

"Ta ló ní mo wá síbí wá sinmi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ti de ẹ̀rọ tó fi ń di ọta mọ́ tábìlì yàrá ìfọṣọ. Agbọ̀n aṣọ wa wà níta.

"Ẹ máa fọṣọ yín nírọ̀lẹ́," ló wí. "Àárọ̀ ni tèmi."

A kì í bá ẹni tó ń wọn ẹ̀tù sọ̀rọ̀. Ìkarahun tó bá gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì lè fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ lójú. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, mo já wọlé.

"Màmá, ẹ bá mi rí ìbọ̀sẹ̀ mi?"

Ìkarahun mẹ́tàlélógójì ló ti rọ ẹ̀tù sí. Ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ẹ̀tù náà padà sínú agolo, kó lè tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ń wọ̀n nígbà tí mo wọlé!"

"Èwo nínú wọn?"

Mo wo àwọn ìkarahun náà; gbogbo wọn jọra.

"Àárọ̀ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ yín," ló wí. "Ìwọ fúnra rẹ lo fi ọ̀sán ta mí lọ́rẹ. Tilẹ̀kùn."