Erin Ní Kí N Kí Yín

Ọjọ́ tí Alhaji Umar ti ìrìn àjò oṣù kan dé láì kúrò ní Ìlọrin ni wọ́n ṣì ń sọ lẹ́yìn Ọjà-Ọba títí dòní.

Gbogbo adúgbò ló mọ̀ pé ó ń lọ. Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú: òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Lami, yóò wa mọ́tò lọ sí Àbújá, wọ́n á dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n á wọ ọgbà ẹranko Yankari lọ wo erin, wọ́n á gba Kánò, wọ́n á yà wo ọgbà ẹranko Kainji kí wọ́n tó darí sílé. Ní ti Ìyá Lami, erin nìkan ló wù ú láti rí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Alhaji," ló máa ń wí, "ẹ jẹ́ kí n rí erin kí ojú yìí tó ṣú tán."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti jókòó sínú mọ́tò Pijó ọkọ rẹ̀, kẹ́tùlù àlùwàlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wàrà wà nínú ike. Alhaji ní òun kàn fẹ́ dágbére fáwọn àgbà ni. Ta ló máa ti Ìlọrin rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láì gba àdúà?

Alfa Ìbráhímù ló kọ́kọ́ ṣàdúà. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí táyà, ó bọ́ sórí bíréèkì, ó dé orí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa kan erin, oòrùn ti mú. Alhaja Àríkẹ́ ní òun ò lè ṣàdúà fẹ́ni tí kò tíì jẹun, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé omi kaná ni. Bàbá Àmínù, tó dàgbà jù nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ àdúà tiẹ̀, ó sì sùn lọ láàárín rẹ̀. Alhaji ò lè dìde nídìí àdúà tí wọn ò tíì ṣe Àmín sí. Ó tẹ́wọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Mọgaríbì.

"Ìyá Lami, ó di ọ̀la."

"Ọ̀la wo, Alhaji? Wàrà ti kan."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alhaji rọra ń ti Pijó jáde kó má baà pariwo. Mahmud, aládùúgbò wọn, ń fọ ẹnu lójúde.

"Alhaji! Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

Ẹlòmíì ì bá ní òun ò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ìkíni máa ń dùn mọ́ Alhaji Umar nínú.

"Ẹ ṣé o, Mahmud. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

"Erin ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín."

Kó tó di ìyálẹ̀ta, ilé ti kún. Alhaji jókòó sórí ẹní, ó ń ròyìn. Ó ní òtútù Jọ́ọ̀sì pọ̀ débi pé òun wọ gbogbo agbádá òun lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣebí àná lẹ jẹun nílé mi?" Alhaja Àríkẹ́ bi í.

"Mọ́tò yẹn ń sáré, Alhaja."

Ìyá Lami wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán ló rántí pé òun ò tíì rí erin, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún. Ta ló tún máa jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn oṣù kan dé jáde nílé lọ́dún yẹn?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alhaji to ètò náà sórí ẹní: ẹyọ àgbàdo dúró fún ìlú, obì dúró fún ọgbà ẹranko. Ó ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ewúrẹ́ wọlé. Ó jẹ Àbújá, ó jẹ Jọ́ọ̀sì.

"Ìyá Lami! Ewúrẹ́ rẹ ti jẹ Yankari!"

"Ẹ sáré kó Kánò, Alhaji!"

Kánò náà lọ. Ìyá Lami ní kò burú, ẹnì kan nínú ilé àwọn ti rin ìrìn àjò náà.

Nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ dé Tanke, létí Ìlọrin, láì dágbére fẹ́nì kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Hajarat, ọmọ àbúrò Alhaji, tó ń ta oúnjẹ fáwọn ọmọ yunifásítì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bi wọ́n bóyá Bàbá Àmínù mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Alhaji yí mọ́tò padà. Ojú tí Ìyá Lami fi wo Hajarat lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ríran dáadáa.

Nígbà tí Alhaji Umar wá lọ lóòótọ́, kò sọ fẹ́nì kankan. Ó kírun Àsùbá tán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ẹní, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bàbá Àmínù jókòó sójúde, ó ń sunkún.

"Umar! Umar tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Táíwò Road láì wá sọ fún mi!"

Nígbà tí Ìyá Lami ṣe opó tán, Lami ọmọ rẹ̀ wa mọ́tò wá láti Jọ́ọ̀sì, ó ní kó wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, àwọn á jọ lọ wo erin.

"Ìyá, ṣé ẹ ti dágbére fún Bàbá Àmínù?"

"Ṣíná sí mọ́tò, ọmọ yìí."

Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló yà sí, níbi sàréè ọkọ rẹ̀.

"Alhaji, mo ń lọ o. Ẹ ṣàdúà fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ní Yankari, erin kan dúró sétí omi, ó ń da omi sára. Ìyá Lami fi etí ìborùn nu ojú, ó tún wò. Ojú náà ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n erin kì í ṣe ohun téèyàn ń wá kiri. Àárò Alhaji sọ ọ́ gan-an. Ó rọra kúnlẹ̀ lẹ́bàá mọ́tò.

"Ìkíni yín dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn o," ló sọ fún erin. "Alhaji náà ní kí n kí yín."