Ibi Tí Wọ́n Ní Kí N Má Wò

Mo rántí ìgbà tí itan mi méjèèjì máa ń gbóná bí ẹni tó jókòó ti ààrò, nítorí láàpútópù àtijọ́ kan tí mo ń gbé lé wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì, ọdún kẹfà sì nìyẹn. Ìyanṣẹ́lódì ti jẹ nínú ọdún wọ̀nyẹn, àìsíná ti jẹ nínú wọn, èmi fúnra mi sì ti fi àròyé jẹ ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni iṣẹ́ ń lọ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bú sẹ́kún.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí. Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní òkè òkun tí wọ́n fi ń ta àwọn èérún kéékèèké inú átọ́ọ̀mù lu ara wọn pẹ̀lú agbára tó kọjá sísọ. Bí wọ́n bá ti kọlu ara, wọn a fọ́n ká, ẹ̀rọ a sì kọ ọ̀nà tí èérún kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà máa ń gbé àkọsílẹ̀ wọn sórí ayélujára kí àwọn ẹlòmíràn lè lò ó, òun la fi wà ní Àkúrẹ́ tí a ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì àbúrò màmá mi ní Alágbàká, níbi tí nẹ́tíwọọkì ti dára, ni mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti gba ìdajì àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀ rò pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí kò tíì jáde ni mo ń dúró dè.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wa. Ibi tí a bá ti ń retí ohun tuntun lórí gíráàfù, a máa ń bò ó. A ó kọ́kọ́ pinnu irú ìkọlù tí a ó mú àti èyí tí a ó dà nù, ọ̀gá a fọwọ́ sí ìpinnu náà, lẹ́yìn náà la ó tó ṣí ibẹ̀ wò, gbogbo wa pa pọ̀. Ìdí ni pé ẹni tó bá ti rí ohun tó wù ú kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́yìn láìmọ̀. Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, kì í fi èyí ṣeré. Síbẹ̀, kò fi kọ́kọ́rọ́ kankan tì í. Èmi ni mo kọ ìlà tó bo ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo lè pa á rẹ́.

Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì sí Oǹdó, ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun fẹ́ẹ́ di ọ̀mọ̀wé. Ó tilẹ̀ ti gba ọjọ́ ìdúpẹ́ lọ́dọ̀ àlùfáà. Nígbàkígbà tí mo bá délé, á ní, "Ọma mi, ó kù díẹ̀, àbí?" Èmi náà á ní ó kù díẹ̀, sà. Ọdún kẹta rèé tó ti ń kù díẹ̀.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan, ó sú mi, mo pa ìlà náà rẹ́. Òkè kékeré kan, irú èyí tó máa ń jẹ́ àmì ohun tuntun lórí gíráàfù, ló yọ níbẹ̀, kò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ ènìyàn lọ. Mo yọ àwọn ìkọlù kan kúrò, mo ní ìdí. Mo fi àwọn mìíràn kún un, mo tún ní ìdí, nítorí mo ti kàwé débi tí ìdí kò lè wọ́n mi. Òkè náà ń ga sí i. Nígbà tó ga tó bí mo ṣe fẹ́, mo dá ìlà náà padà, mo sì gbé ìpinnu mi lọ fún ọ̀gá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, òkè náà yọ gẹdẹgbẹ. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo pe orúkọ Jésù. Ojú ṣì ń tì mí nípa eré tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, n kò tilẹ̀ ṣe é dáadáa. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ará ilé wa ní Oǹdó ti gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan ni ìdajì àkọsílẹ̀ tó kù tẹ̀ wá lọ́wọ́. A lo ìpinnu kan náà fún un; bí òkè náà bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kó tún yọ, ṣùgbọ́n kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wo gíráàfù náà títí.

"Ṣé o ti wo ibẹ̀ kí a tó ṣí i?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe wà."

Ó tẹ apá tí òun fúnra rẹ̀ kọ nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà sórí ìwé, ó mú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àìsàn ojú ti mú un nígbà yẹn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é. Mo máa ń gbé tíì lọ fún un, á sì sọ fún mi pé, "Má bínú, mo ń dá ọ dúró."

Ní Sátidé kan, n kò lè fara dà á mọ́, mo lọ sí Oǹdó, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Orúkọ àwọn tó fẹ́ pè síbi ìdúpẹ́ ló ń kọ. Ó dé báírò rẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ ń wá àṣìṣe tìrẹ nínú iṣẹ́ ti ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí wá lo ń ṣe ní Oǹdó?"

Oúnjẹ tí màmá mi gbé sílẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, mo bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé rúlà sílẹ̀. Ó ní ó ṣeun tí mo sọ ọ́, pé ká tún un bẹ̀rẹ̀. Kò fìyà jẹ mí, kò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ọdún méjì sí i ló gbà mí, ìwé tí mo kọ gboyè náà sì sọ ọ́ gbangba pé a wá ohun tuntun níbẹ̀, a kò rí i. Bàbá mi ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́, èsì tí mo bá gbé wá, ọ̀gá kì í fọwọ́ sí i títí yóò fi tún un ṣe fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú yẹn. Kò sọ ìdí rẹ̀ rí, èmi náà kò sì béèrè.

Èmi náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì yẹn báyìí, ó sì ń rẹ̀ mí lọ́nà tí oorun kò wò sàn. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí ọ̀gá nílé. Kò ríran mọ́, ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó bi mí pé kí ni mo ń ṣe lọ́wọ́, mo sì sọ èsì tuntun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fún un. Ó na ọwọ́, ó ní kí n kó ìwé èsì náà wá kí òun wò ó.